Òkúta Òkukù fún Ilé Ìdáná Keziah

Keziah Mákánjúọlá ti pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta kó tó fúnra rẹ̀ yan nǹkan kan láyé. Ògiri ni nǹkan ọ̀hún. Ògiri ẹ̀yìnkùlé. Kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, gígùn rẹ̀ ò sì ju kí èèyàn mẹ́fà tò kí wọ́n na ọwọ́ lọ. Àmọ́ ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ilé ìwé tó lọ, bàbá rẹ̀ ló yàn án. Iṣẹ́ tíṣà, bàbá náà ni. Ọkọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló na ìka sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, lẹ́yìn ìsìn: "Ọmọ dáadáa nìyẹn. Akọ̀wé kóòtù." Akọ̀wé kóòtù náà, Ọláìtán Mákánjúọlá, kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ó kàn fẹ́ràn àtimáa yan nǹkan ni. Òun ló yan ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí ní Ìkìrun, ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Òun ló yan ọ̀dà ilé. Kọ́tìnnì. Abọ́. Títí kan bàtà tí ìyàwó rẹ̀ ń wọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Tí ó bá bi Keziah léèrè, èsì kan náà ni Keziah ń fún un: "Èyí tẹ́ ẹ bá rí i pé ó dáa." Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Nígbà tí Ọláìtán kú, Ìrètí, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, jogún iṣẹ́ yíyàn. Fíríìjì, Ìrètí. Fóònù, Ìrètí. Dókítà ojú, Ìrètí.

Ibì kan ṣoṣo ni kò sẹ́ni tó bá a yàn. Ilé ìdáná rẹ̀. Yàrá kékeré tó dá dúró lẹ́yìnkùlé, àárò méjì, fèrèsé kan tó dojú kọ òkè. Nínú ilé ńlá, ṣe ló dà bí ẹni pé àga ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Nínú ilé ìdáná, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ibẹ̀ ló ti ń kọrin. Ibẹ̀ ló ti ń bá ìkòkò jà, tó sì ń bá a parí ìjà.

Àgbàrá sì ti ń gbé ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, ìṣísẹ̀ méje ni èèyàn á gbé láti ẹ̀yìn ilé ìdáná kó tó kan etí gẹ̀rẹ́. Lọ́dún yìí, ìṣísẹ̀ méjì péré. Ògiri ẹ̀yìn ti sán, ìka àtàńpàkò sì ń wọ ojú sísán náà.

Ìrètí pè lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kan.

"Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká wó kíṣìnnì yẹn kó tó wó lé yín lórí. Mo ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀. Màá ra gáàsì, ẹ ó máa dáná nínú ilé."

Keziah la ẹnu láti sọ pé èyí tó o bá rí i pé ó dáa. Ohun tó jáde ni:

"Rárá."

"Rárá kẹ̀?"

Ó ya Keziah gan-an lẹ́nu. Ó wo fóònù náà bí ẹni pé òun ló sọ̀rọ̀. "Màá mọ ògiri tó máa gbá ilẹ̀ yẹn mú. Èmi ni màá sì yan ohun tí wọ́n máa fi mọ ọ́n."

Ìrètí mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Tí ògiri bá wà níbẹ̀ kí òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀, tí kò sì ṣubú, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Tí kò bá sí, káfíńtà ń bọ̀ o, Mọ̀mí."

Oṣù kẹta ti wọlé. Òjò ò ní pẹ́ dé. Keziah gbé fóònù sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan, lórí àpótí ìdáná, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

*

Ẹ ò mọ bí ó ṣe rí, kí èèyàn má yan nǹkan rí, kó wá rí odindi ògiri yàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ń pa á bí ọtí ẹmu.

Gbogbo àdúgbò ló ní ìmọ̀ràn. Gbádébọ̀ tó ń lẹ táyà létí títì ní táyà àlòkù ló dára jù: kí wọ́n tò ó léra, kí wọ́n rọ yẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ní àpò iyanrìn ni. Ẹnì kan ní pákó. Dàmọ́lá bíríkìlà, tí Keziah kọ́ ní ìwé kẹrin nígbà tó ṣì ń fi ọwọ́ nu imú, ò tiẹ̀ jókòó rárá.

"Búlọ́ọ̀kù, Mọ̀mí. Èyí tó nípọn. Ọ̀rọ̀ parí."

"Ta ló ní ó parí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Gbogbo ilé tó wà ní Ìkìrun, kí ni wọ́n fi kọ́ ọ?"

"Ilé ò gbé òkè sẹ́yìn, Dàmọ́lá. Ògiri mi máa gbé ilẹ̀ pọ̀n bí ọmọ."

Ó fa ìwé àjákọ kan yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní máàkì. Pákó: òdo nínú mẹ́wàá. Ikán. Àpò iyanrìn: méjì. Oòrùn á jẹ àpò, iyanrìn á dà. Táyà: mẹ́rin. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn á fi ibẹ̀ ṣe ilé, ojú mi ò sì ní gbà á láàárọ̀. Búlọ́ọ̀kù: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìnísà, òun àti Dàmọ́lá, níbi tí Àmọ̀kẹ́ ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà. Obìnrin tó ga, tí ìborùn rẹ̀ funfun fún símẹ́ńtì. Dàmọ́lá fi bí wọ́n ṣe ń dán búlọ́ọ̀kù wò han Keziah: o máa gbé e dé àyà, o máa jù ú sílẹ̀ lórí iyanrìn. Èyí tó bá dúró, ó yege.

"Gbé e fún mi," ni Keziah wí.

"Mọ̀mí, ó wúwo."

"Gbé e wá jàre."

Ó gbé e dé àyà, ó jù ú. Gbàà! Ọ̀nà mẹ́rin.

"Ẹ̀yin Màmá yìí!" Àmọ̀kẹ́ sáré bọ̀. "Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe bọ́ọ̀lù o! Ṣé ẹ fẹ́ máa ju ògiri yín sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni?"

"Òjò ló máa jù ú, ọmọ mi. Mo kàn ń bá òjò dán an wò ni."

Ìkejì dúró. Ìkẹta, igun rẹ̀ já bọ́. Ojú Keziah ń dán. Eruku símẹ́ńtì ti gba gèlè rẹ̀, kò mọ̀.

"Ẹ jẹ́ n ju ọ̀kan sí i."

"Màmá, ẹ máa lọ," Àmọ̀kẹ́ wí, ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè bínú. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má sanwó. Ẹ ṣáà máa lọ."

Létí títì, Keziah kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ó fìdí rẹmi. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀, ó ń pe Òkukù. Keziah na ọwọ́ dá a dúró.

"Mọ̀mí, Ìkìrun kọ́ nìyẹn. Kí ló wà ní Òkukù?"

"Mi ò mọ̀. Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn."

*

Ní ìgbà èwe rẹ̀, Keziah kọ́ni ní Òkukù fún ọdún mẹ́ta. Ó fẹ́ wo ilé ìwé náà lásán ni. Àmọ́ ní ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó dúró gbagidi.

Òkúta. Òkìtì òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alámọ̀ àtijọ́ kan. Kì í ṣe òkúta tí wọ́n fọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Èyí tí ọwọ́ gbẹ́ ni, tó ní ojú pẹlẹbẹ, òmíràn àwọ̀ eérú tó fẹ́ẹ́ jọ búlúù, òmíràn pupa bí epo tuntun. Ewéko hù láàárín wọn. Alángbá kan ń jọba lókè.

Bàbá arúgbó kan jókòó lábẹ́ òrùlé ilé náà, wọ́n ń gba atẹ́gùn. Bàbá Àkànjí lorúkọ wọn. Wọ́n á ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún.

"Ẹ kú ìjókòó o, sà," Keziah kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o. Ẹ káàbọ̀."

"Bàbá, òkúta yín yìí mà dára o!"

"Áà," Bàbá Àkànjí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tiyín ni. Ẹ máa kó o lọ."

Gbogbo wa la mọ èsì yìí. Bí wọ́n bá yin aṣọ lára rẹ, wàá ní tiyín ni. Kò sẹ́ni tó ń retí kí o bọ́ ọ. Bí o bá ń jẹun tí àlejò wọlé, wàá ní kó wá jẹun, òun náà á ní á gba ibi ire, oúnjẹ á sì wà níbi tó wà. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ Keziah náà, tó ti ń wí pé á gba ibi ire láti ọgọ́ta ọdún, nígbà mìíràn pẹ̀lú ebi nínú.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, nǹkan ti gun orí rẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an ni, sà," ó wí. "Ọ̀la ni màá wá kó o."

Dàmọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wúkọ́. Bàbá Àkànjí rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, wọ́n ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí ọ̀la."

*

Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀la. Keziah háyà típà kan. Òun àti Dàmọ́lá fún mọ́ra níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ọmọ mọ́tò méjì wà lẹ́yìn. Ó ń kọrin láti Ìkìrun. Orin náà dúró nígbà tí wọ́n dé Ìnísà.

"Mọ̀mí," Dàmọ́lá wí jẹ́jẹ́, "ẹ mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí lásán ni bàbá yẹn ń hù."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Nísinsìnyí gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Yéè. Èmi Keziah. Mo gbé típà lọ fi kó ohun tí wọ́n fi kí mi."

Dírẹ́bà ní, "Ṣé ká yí padà ni, Màmá?"

Keziah yọjú wo ẹ̀yìn. Lápá ìlú Ìbà, òjò ti ń ṣú bọ̀, dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó rántí ìṣísẹ̀ méjì. Ó rántí àtàńpàkò tó wọ ojú sísán.

"Máa wà á lọ," ó wí.

Bàbá Àkànjí ń jẹun nígbà tí típà fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Iṣu sísè àti epo pupa. Wọ́n wo típà. Wọ́n wo Keziah. Ẹnu wọn sọ ohun tí ẹnu wọn ti ń sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé:

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ wá jẹun."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Bí ó bá ní á gba ibi ire, òkúta náà ti lọ nìyẹn. Èèyàn ò lè kọ iṣu kó gba òkúta lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Keziah ro ó wò, ó wo omi ìfọwọ́, ó ṣan ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì jókòó. Ó bu iṣu. Ó tì í bọ epo. Ó fi sẹ́nu.

Bàbá Àkànjí dá ọwọ́ dúró lágbedeméjì abọ́ àti ẹnu.

"Iṣu yìí dùn, sà," Keziah wí.

"Ó dùn," Bàbá gbà. Wọ́n rọra mi orí sí ọ̀nà típà. "Èyí ńkọ́?"

"Ti òkúta ni, sà. Ẹ ní tèmi ni."

Dàmọ́lá ń wo bàtà ara rẹ̀. Bàbá dìde, wọ́n rìn lọ síbi òkìtì náà, wọ́n gbé ọwọ́ lé òkúta kan bí ìgbà tí èèyàn gbọ́wọ́ lé orí màlúù.

"Bàbá mi ló kó gbogbo èyí jọ," wọ́n wí. "Ìpìlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló fẹ́ fi ṣe. Ikú ò jẹ́. Èmi náà ní màá kọ́ ọ. Ẹ rí ilé tí mò ń gbé."

Keziah mọ ohun tó kàn. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ àdúrà Olúwa. Kó ní, kò burú, sà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dúró, èyí tẹ́ ẹ bá rí i pé ó dáa. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹ̀yìn eyín. Ó gbé e mì pẹ̀lú iṣu.

"Bàbá," ó wí, "ilé ìdáná mi ń wó lọ. Òjò ń bọ̀. Mo ti wo táyà, mo ti wo pákó, mo ti fọ́ búlọ́ọ̀kù obìnrin oníbúlọ́ọ̀kù ní Ìnísà. Òkúta yìí ni mo fẹ́. Òun ni mo yàn."

Bàbá Àkànjí yíjú padà. Wọ́n wò ó pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ láti ikùn, tó mú kí wọ́n gbá òkúta mú kí wọ́n má baà ṣubú.

"Láti ogójì ọdún," wọ́n wí nígbà tí wọ́n rí èémí mú, "gbogbo ẹni tó bá yìn ín ni mò ń sọ fún pé tiyín ni. Ogójì ọdún! Ejò méjì ló ti bímọ síbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbé mọ́tò wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Ẹ ti fọwọ́ sí iṣu." Wọ́n ju ọwọ́ sí àwọn ọmọ mọ́tò tó ti ń tẹ̀ síbi òkìtì. "Ẹ dúró ńbẹ̀! Kì í ṣe bí ẹni kó iṣu. Yíyàn ni wọ́n ń yan òkúta."

Wọ́n lọ mú òòlù wá láti inú ilé. Wọ́n fi kan òkúta kan. Ó dún gan-an, bí agogo. "Èyí pé." Wọ́n fi kan òmíràn. Ó dún pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn lu igbá tó là. "Ó ti là nínú. Ẹ fi sílẹ̀." Wọ́n fi ojú òkúta hàn án, èyí tó máa kọjú síta. Wọ́n fi ìdí rẹ̀ hàn án. Keziah bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń sáré láti òkúta dé òkúta bí ọmọdé lábẹ́ igi máńgòrò.

"Èyí pupa yìí! Bàbá, ẹ wo bó ṣe lẹ́wà tó!"

"Ó lẹ́wà. Ẹ fi èékánná ha á."

Ó ha á. Ó rún bí èèpo àkàrà.

"Òjò kan ni yóò jẹ ẹ́ tán," Bàbá wí. "Òkúta ò sí fún ojú nìkan o."

Ní ọ̀sán, típà ti kún dé ìlàjì. Bàbá Àkànjí wọlé, wọ́n jáde pẹ̀lú fìlà lórí àti àpò kan lọ́wọ́.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, sà?" Dàmọ́lá béèrè.

"Ìkìrun. Ẹ rò pé màá jókòó síbí kí bíríkìlà kan wá fi símẹ́ńtì kun òkúta bàbá mi lójú?"

"Bàbá, èmi ni bíríkìlà ọ̀hún o."

"Ìwọ náà ni mò ń bá wí."

*

Òjò tó ṣú lápá Ìbà ò tíì dé Ìkìrun. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi mọ ọ́n, tí Bàbá Àkànjí sì ń sùn nínú yàrá àlejò Keziah. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n fi kan ibi tó le. Òkúta tó tóbi jù lọ sísàlẹ̀, wọ́n sin ín dé ìdajì. Wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ dí ẹ̀yìn. Ògiri náà ò nà ró ṣánṣán, ó fẹ̀yìn ti òkè díẹ̀, bí obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n. Símẹ́ńtì, kò sí kankan.

"Kò lè dúró," Dàmọ́lá ń kùn. "Kò sí ohun tó dì í mú."

"Ara ẹ̀ ló dì í mú," Bàbá wí. "Tẹ́ ẹ bá fi símẹ́ńtì dí i pa, omi ò ní ríbi gbà. Ilẹ̀ kọ́ ló ń wó ògiri. Omi tó há sẹ́yìn ẹ̀ ni. Gbà á láyè kó kọjá, ẹ ò ní jà."

"Ṣé ẹ ti mọ ògiri rí ni, Bàbá?"

"Ìwọ náà, ṣé o ti ronú rí?"

Keziah jókòó sórí ọpọ́n tó da ojú dé, ó ń pàṣẹ. Èyí. Rárá, tọ̀hún. Ẹ yí i padà. Ẹ tún yí i. Ibẹ̀! Ó yan òkúta kọ̀ọ̀kan tó wà lójú ògiri náà. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n tú ìlà kan palẹ̀ nítorí pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, Dàmọ́lá sì bú sẹ́kún ẹ̀tàn, ó ní kí wọ́n dá òun padà sí ìwé kẹrin. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yẹ̀pẹ̀ kún ẹ̀yìn ògiri tán ni atẹ́gùn dé. Páànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Òjò ńlá àkọ́kọ́ ya lulẹ̀.

Wọ́n há sábẹ́ òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti lè rí ojú ògiri, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ń wò. Àgbàrá ń bọ̀ láti orí òkè, ó pupa, ó ń gbé ewé àti igi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, ó dé orí ilẹ̀ tuntun náà, ó rì wọlé. Ògiri náà ò ṣe nǹkan kan. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín òkúta, níbí, lọ́hùn-ún, ní ogún ibi. Ó kọ́kọ́ pupa. Ó wá ń mọ́ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi mọ́ bí omi kànga. Òkúta kankan ò yẹ̀.

"Háà," Dàmọ́lá wí.

Bàbá Àkànjí bọ́ fìlà wọn, wọ́n fi nu ojú.

Fóònù Keziah dún. Ìrètí ni. Keziah tẹ̀ ẹ́, ó tì í bọ inú gèlè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó sì jáde sínú òjò. Ó gbé ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó gbé ìkejì. Ó gbé ìkẹta, síbi tí kò ti sí ilẹ̀ lóṣù tó kọjá.

"Mọ̀mí, wọ́n ní òjò ń rọ̀ ní Ìkìrun! Níbo lẹ wà?"

"Mo wà lẹ́yìn kíṣìnnì."

"Ẹ̀yìn kíṣìnnì kẹ̀? Ibi tó ń ya yẹn?"

"Ibẹ̀ náà."

"Mọ̀mí! Kí ni mò ń gbọ́ yẹn? Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń fò ni," Keziah wí. Ó gbá ìró rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì tún fò, ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, gììrì, lórí ilẹ̀ tó yàn.